Páàdì géèmù tí analog rẹ̀ kò ní máa dá rìn: èwo ni kí n rà ní Èkó?

Onílé Géèmù, Ṣómólú

Mo kí gbogbo yín o. Mo ní ilé géèmù kékeré kan ní Ṣómólú, ọdún kẹrin tí mo ti ń ṣe é rèé. PS4 mẹ́ta, PS5 kan àti kọ̀ǹpútà kan ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi máa ń gbá, láti aago 10 òwúrọ̀ títí di aago 9 alẹ́, àfi ọjọ́ Àìkú tí mo máa ń ṣí lẹ́yìn ìsìn.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé owó páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè mi tán. Bí mo bá ra tuntun lónìí, kí oṣù méjì tó pé, analog òsì rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò fi ń darí agbábọ́ọ̀lù, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Ọmọ á ti gbé àtàǹpàkò kúrò, síbẹ̀ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ á ṣì máa rọra fà lọ sí etí pápá. Ìjà ni èyí máa ń dá sílẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé rẹ̀ á ní páàdì ni ó pa òun lára, kò sì ní fẹ́ san owó eré náà. Mo ti ra èyí tí wọ́n pè ní ojúlówó, mo ti ra tòkunbọ̀, mo sì ti ra èyí tí òǹtajà fi ọmọ rẹ̀ búra fún mi lé lórí. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn já sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ìrírí, èwo ni kí n rà tí yóò pẹ́ lọ́wọ́ mi? Ẹnìkan sọ fún mi pé èyí tí ó ní òòfà nínú kì í dá rìn rárá. Ṣé òótọ́ ni, ṣé ó sì wà fún ẹ̀rọ tí mo ní?

Alátùn-únṣe, Ọ̀tìgbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ àtúnṣe páàdì ni mo ń ṣe ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà. Èmi kì í tà á, nítorí náà kò sí ọjà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi polówó. Kí a tó dárúkọ páàdì kankan, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó ń pa èyí tí ẹ ń rà.

Bí a bá tú páàdì, a óò rí àpótí kékeré kan lábẹ́ analog kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ méjì àpótí yẹn ni ó ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń ka òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì ń ka ọ̀tún àti òsì. Nínú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fi carbon tẹ́, ahọ́n irin kékeré kan sì ń fi ara ha á lọ, ha á bọ̀, nígbàkígbà tí àtàǹpàkò bá yí analog. Ibi tí ahọ́n yẹn bá dúró sí ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá agbábọ́ọ̀lù fẹ́ lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Ohun tí irin ń ha lójoojúmọ́ kò lè ṣe kí ó má jẹ. Àárín, níbi tí analog máa ń padà sí, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ìyẹ̀fun carbon tí ó bó á kóra jọ síbẹ̀, ahọ́n irin náà á sì máa sọ fún ẹ̀rọ pé analog ti yẹ̀ sí òsì nígbà tí kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ilé iṣẹ́ Alps Alpine ti ilẹ̀ Jàpáànù ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àpótí analog tí ó wà nínú páàdì PS4, PS5 àti Xbox. Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé irú analog bẹ́ẹ̀ sọ pé ìgbà 2,000,000 ni wọ́n ṣe é pé kí a lè yí i. Ní 2021, àwọn iFixit, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títú ẹ̀rọ láti kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe, mú nọ́ńbà yìí, wọ́n ka iye ìgbà tí ẹni tí ó ń gbá géèmù ìbọn yíyìn kan ń yí analog, wọ́n sì ṣírò pé wákàtí 417 lè tó láti lò ó kọjá ibi tí wọ́n ṣe é dé. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìṣirò yẹn wá sí Ṣómólú. Ọmọ tí ó ń fi wákàtí 2 ṣeré lóòjọ́ nínú ilé yóò lò bí oṣù 7 kí ó tó dé wákàtí 417. Ṣọ́ọ̀bù yín tí ó ń ṣí fún wákàtí 11 yóò dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 38. Lóòótọ́, bí a ṣe ń yí analog nínú géèmù bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ti ìbọn, ṣùgbọ́n oṣù méjì tí ẹ sọ yẹn kò yà mí lẹ́nu. Kì í ṣe pé gbogbo òǹtajà ni ó rẹ́ yín jẹ. Ẹ ń fi ohun tí wọ́n ṣe fún pálọ̀ ṣe iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi ni.

Ní ti òòfà, òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ fún yín, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ara Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Edwin Hall ni ó ṣàwárí ní 1879 pé òòfà lè yí bí iná ṣe ń pín kiri nínú irin pẹlẹbẹ. Orí ohun tí ó rí yẹn ni wọ́n gbé analog tí à ń pè ní Hall effect kà: òòfà kékeré wà ní ìdí ọ̀pá, sẹ́ńsọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì kò fi ara kan ara. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan kò ha nǹkan kan, kò sí carbon tí yóò bó. Kì í tilẹ̀ ṣe ohun tuntun, nítorí Sega ti lò ó nínú páàdì Saturn kan ní 1996, wọ́n sì tún lò ó nínú ti Dreamcast ní 1998. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde báyìí ni TMR. Òòfà ni òun náà ń lò, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń kà á fínnífínní ju ti Hall lọ, kì í sì í tètè jẹ bátìrì.

Ohun tí àwọn òǹtajà kì í sọ ni pé analog olóòfà pẹ̀lú ní sípíríǹgì, òun sì ni ó ń dá ọ̀pá padà sí àárín. Bí sípíríǹgì bá ti rọ̀, ọ̀pá kò ní dúró sí àárín mọ́, sẹ́ńsọ̀ tí ó sì ń sọ òótọ́ á sọ pé ó ti yẹ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí tábìlì mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ta páàdì tí kò ní dá rìn láéláé, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ ṣeun, Alátùn-únṣe. Èmi fẹ́ fi kún un pé kí Bọ̀dá Ṣómólú má ṣe sáré ra páàdì olóòfà kí wọ́n tó wádìí bóyá ẹ̀rọ wọn yóò gbà á. Kọ̀ǹpútà ni èmi fi ń ṣeré, ọ̀nà sì là fún kọ̀ǹpútà: ohun tí ó bá wù ọ́ ni o lè so mọ́ ọn. KingKong 2 Pro ti GuliKit ní òòfà, Ultimate 2 tí 8BitDo gbé jáde ní 2025 ń lo TMR, G7 SE ti GameSir pẹ̀lú ní òòfà, ṣùgbọ́n wáyà ni ó ń lò. Wáyà yẹn tilẹ̀ dára fún ilé géèmù, nítorí bátìrì kankan kò ní kú láàárín eré, kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti ki páàdì bọ àpò.

PS5 yàtọ̀ pátápátá. Kì í gba páàdì ilé iṣẹ́ mìíràn àyàfi èyí tí Sony bá fún ní àṣẹ. Páàdì PS4 yóò so mọ́ ọn, àmọ́ géèmù PS4 nìkan ni ó lè fi gbá lórí rẹ̀. Lára àwọn tí ó ní àṣẹ tí ó sì ní òòfà ni Revolution 5 Pro ti Nacon, owó rẹ̀ sì ga. Sony fúnra wọn gbé DualSense Edge jáde ní oṣù kìíní 2023 ní nǹkan bíi dọ́là 200. Carbon ṣì ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí analog rẹ̀ ṣeé fà yọ láìlo òjé, ìyẹn irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù, dọ́là 20 ni wọ́n sì ń ta ọ̀kan nígbà tí ó jáde. Èmi ò ní gba ilé géèmù nímọ̀ràn láti rà á. Ẹni tí ó ti ná dọ́là 200 kò yẹ kí ó tún máa ra carbon. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní Xbox, kí ó mọ̀ pé láti oṣù kọkànlá 2023 ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ páàdì tí kò ní àṣẹ. G7 SE tí mo dárúkọ ní àṣẹ Xbox.

Ó ku ọ̀kan tí ó ká mi lára. Ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan rajà. Ní 2022, 8BitDo gbé Ultimate méjì jáde tí ìrísí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí ó ń lo Bluetooth ní òòfà, èyí tí ó ń lo 2.4G nìkan, ìyẹn aláìlówáyà tí a máa ń ki ohun kékeré kan bọ ihò USB fún, kò ní in nígbà náà. Ẹni tí ó bá kàn wọ ọjà tí ó ní "Ẹ fún mi ní Ultimate" lè fi owó olóòfà ra carbon, kí ó má sì sí ẹni tí ó purọ́ fún un. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí fúnra yín.

Ìyá Àwọn Ọmọ, Yábàá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ka ara páálí ní tèmi, "Hall effect" sì ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Lọ́wọ́ òǹtajà kan ní Erékùṣù ni mo ti rà á fún ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣeré. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ó lò. Nígbà tí mo dá a padà, wọ́n ní ọmọ mi ni ó jù ú mọ́lẹ̀. Mo mọ ọmọ mi, kò jù ú. Owó tí mo fi rà á kì í ṣe owó kékeré, inú sì bí mi débi pé mo sọ fún ọmọ náà pé n kò ní ra òmíràn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi ẹ̀yin oníṣẹ́ ni pé báwo ni ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, bíi tèmi, ṣe lè mọ ohun tí ó wà nínú páàdì láìtú u, kí ó tó yọ owó lápò?

Alátùn-únṣe, Ọ̀tìgbà

Ìyá mi, ẹ kú ìnáwó. Ìbéèrè yín ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àárọ̀, ọ̀nà kan sì wà tí kò le.

Ẹ mú kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ yín lọ sí ọjà, pẹ̀lú wáyà USB àti òòfà kékeré kan. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ti bàjẹ́ náà dára. Bí kọ̀ǹpútà bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi Google wá gamepad tester, ojú òpó tí ó ń fi nọ́ńbà sọ bí analog ṣe yẹ̀ tó: 0 ni àárín, 1 ni òpin. Bí kò bá ní, tí ó sì jẹ́ Windows, ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, kí ẹ kọ joy.cpl síbẹ̀, ojú ewé kan tí ó ń fi bí analog ṣe ń rìn hàn yóò ṣí, àmì tí ń rìn ni ẹ óò máa wò níbẹ̀ dípò nọ́ńbà. Ẹ so páàdì mọ́ ọn, ẹ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan analog. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra mú òòfà yẹn sún mọ́ ìdí analog kọ̀ọ̀kan. Analog oní-carbon kò ní mọ̀ pé nǹkan kan dé, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní yí padà. Nọ́ńbà ti olóòfà, bóyá Hall ni tàbí TMR, yóò sáré kúrò níbi tí ó wà, yóò sì padà bí ẹ bá gbé òòfà kúrò. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òǹtajà tí ó bá kọ̀ fún yín láti ṣe é ti dáhùn ìbéèrè yín. Fún ìdí kan náà, ẹ má ṣe máa gbé páàdì olóòfà sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá nílé.

Ẹ tún ṣe èyí, ì báà jẹ́ olóòfà tàbí carbon. Ẹ ti analog dé òpin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lójijì, bí ìgbà ogún. Ẹ máa wo nọ́ńbà rẹ̀ bí ó ṣe ń padà. Èmi kì í bínú sí 0.02 tàbí 0.03, nítorí géèmù fúnra rẹ̀ máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní àárín tí kì í kà sí ìrìn. Bí ó bá ń dúró sí 0.10, tàbí tí ó ń padà sí ibi ọ̀tọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, tàbí tí nọ́ńbà náà ń gbọ̀n láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, ẹ dá a padà fún un. Páàdì tòkunbọ̀ ni ìdánwò yìí wúlò fún jù.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú, ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá wà ní ipò yín ni pé n kò ní ra páàdì tuntun kankan fún PS4 àti PS5 wọ̀nyẹn. Àwọn ojúlówó tí analog wọn ti kú, tí bọ́tìnnì wọn ṣì le, ni n óò kó jọ, kí n ní kí oníṣẹ́ yọ àpótí carbon kúrò, kí ó fi ti Hall tàbí TMR sí i. Wọ́n ń ta àpótí náà lọ́tọ̀. Ojú òjé 14 ni ó di ọ̀kan mú mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn 28 fún páàdì kan, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e fún ẹni tí kò ní sùúrù. Òjé tí ilé iṣẹ́ ń lò máa ń le láti yọ́. Ẹni tí ó bá ń fi ipá fà á yóò fa ojú ọ̀nà iná inú bọ́ọ̀dù já, páàdì náà á sì kú pátápátá. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò kọ́kọ́ fi òjé rírọ̀ pò ó kí ó tó fà á yọ. Ẹ ní kí ó fi èyí tí ó ti ṣe rí hàn yín.

Lẹ́yìn tí ó bá ti lẹ̀ ẹ́ tán, iṣẹ́ kù. Páàdì ṣì ń rántí àárín analog àtijọ́, ó sì yẹ kí a kọ́ ọ ní àárín tuntun. Ojú òpó kan wà tí ń jẹ́ dualshock-tools, tí a ń fi Chrome ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, òun ni à ń lò fún páàdì PS4 àti PS5. Bí oníṣẹ́ kò bá ṣe èyí, analog olóòfà tuntun yín á máa dá rìn láti ọjọ́ kìíní, ẹ ó sì rò pé òòfà ni irọ́. Ayédèrú páàdì PS4 kì í gba ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí náà ẹ má fi owó àpótí olóòfà ṣòfò lórí rẹ̀.

Ará Ẹ̀búté Mẹ́ta

Ẹ ò tíì mẹ́nu kan fífọ̀ ọ́. Èmi máa ń tẹ bọ́tìnnì kékeré tí ó wà nínú ihò ẹ̀yìn páàdì, mo sì máa ń fọ́n WD-40 sí ìdí analog, ó sì máa ń dára.

Alátùn-únṣe, Ọ̀tìgbà

Ẹ má bínú, Ará Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Bọ́tìnnì inú ihò yẹn ń mú kí páàdì gbàgbé ẹ̀rọ tí ó so mọ́ ni, kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú carbon tí ó ti jẹ. WD-40 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ máa ń fi òróró sílẹ̀, òróró yẹn a sì máa gba eruku mọ́ra. Isopropyl, ìyẹn ọtí tí a fi ń nu ẹ̀rọ, tí kò lómi púpọ̀ nínú, èyí tí ó jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kí ẹ lò. Ẹ pa páàdì, ẹ kán an díẹ̀ sí ìdí analog, ẹ yí i kiri dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó tan iná sí i. Bí ó bá jẹ́ eruku ọyẹ́ ni ó fà á, ó lè lọ pátápátá. Bí ó bá jẹ́ pé carbon ti jẹ, ẹ óò rí ìrọ̀rùn fún ìgbà díẹ̀, yóò sì padà. Kò sí omi tí ó ń dá carbon padà.

Onílé Géèmù, Ṣómólú

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ti kọjá, mo sì ní kí n padà wá jábọ̀ nítorí ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú.

Páàdì mẹ́fà tí mo ti pa tì sínú páálí ni mo kó jáde. Dualshock-tools fi hàn pé ayédèrú ni méjì nínú wọn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo rà ní owó ojúlówó, ó sì dùn mí gan-an. Oníṣẹ́ kan fi analog Hall sí mẹ́rin tí ó kù. Ó fa ojú ọ̀nà iná ọ̀kan já, ó sì gbà pé òun ni, kò gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ló wá jáde láyọ̀, méjì fún PS4 àti ọ̀kan fún PS5. Fún kọ̀ǹpútà, mo ra oníwáyà olóòfà tí Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó dárúkọ, mo sì fi òòfà dán an wò níwájú òǹtajà kí n tó sanwó. Òun pàápàá kò rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n fi òòfà náà sílẹ̀ fún òun.

Mo ti ra isopropyl, mo sì ti sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ó bá ń jẹ búrẹ́dì tàbí púfúpúfú kò gbọdọ̀ di páàdì mú títí yóò fi fọwọ́. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo ń so gbogbo wọn mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ nọ́ńbà àárín wọn sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án rèé, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì kọjá 0.03. Analog òsì ọ̀kan nínú ti PS4 ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Mo rò pé sípíríǹgì tí Alátùn-únṣe sọ nìyẹn. N óò gbé e wá sí Ọ̀tìgbà lọ́jọ́ Ajé.